Abẹ́rẹ́, Òwú àti Lẹ́tà: Ìtàn Aṣọ Ìrọ̀rí Tí A Fi Ọwọ́ Rán

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàdo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni. A fẹ́ sọ ìtàn aṣọ ìrọ̀rí tí a fi ọwọ́ rán òdòdó àti ewé sí lára.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Ìtàn wo ni ó wà nínú aṣọ ìrọ̀rí? Ṣebí orí ni a ń gbé lé e?” Ẹ ní sùúrù. Ẹ fi ìka tẹ̀lé ìlà, kí ẹ ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀nà abẹ́rẹ́ gùn, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ilé wa kọjá.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ní Houinmè

Houinmè jẹ́ àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ìyá àgbà kan wà nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà níbẹ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Láàárọ̀, ó ń ta ẹ̀kọ. Nígbà tí oòrùn bá ti yí, yóò gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, yóò tẹ́ aṣọ funfun lé itan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rán iṣẹ́ sí i lára. Aṣọ ìrọ̀rí ni ó ń rán jù. Bí ọmọbìnrin kan bá fẹ́ lọ sí ilé ọkọ, ìyá rẹ̀ yóò wá bẹ Ìyá Alábẹ́rẹ́ pé kí ó bá òun rán aṣọ ìrọ̀rí méjì sínú ẹrù ìyàwó.

Ó ń rán òdòdó, ó ń rán ewé, ó ń rán ẹyẹ. Ó tún ń rán lẹ́tà. Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ó fún un. Lẹ́tà 9 ni ó wà lára ìwé náà: BONNE NUIT. Ìyá àgbà kò mọ̀wé. Bí ẹni ń ya àwòrán ni ó ń rán lẹ́tà wọ̀nyí. Lójú rẹ̀, B jẹ́ aboyún tí ó dúró, O jẹ́ ẹnu ìkòkò, T jẹ́ òpó tí a gbé igi dábùú lé lórí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi rán wọn, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan wá gba aṣọ ìrọ̀rí méjì. Ó wò wọ́n, ó mú ọ̀kan, ó sì kọ èkejì. Ó ní lẹ́tà kan kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ó yẹ kí ó kọjú sí. Ìdajì owó ni ó san, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá àgbà tẹjú mọ́ aṣọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò rí àṣìṣe kankan. Ó bi wá pé: “Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ó sọ, tàbí ó kàn fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?” Àwa ọmọdé tí a wà nítòsí kò tíì wọ ilé ìwé. A kò rí èsì fún un. Ó ká aṣọ náà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ náà sílẹ̀ níbẹ̀ ná. A óò padà wá gbé e.

Irun àgùntàn àti aṣọ ọ̀gbọ̀

Níbo ni irú iṣẹ́ yìí ti wá? Ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan nínú wọn ti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Níbẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń fi òwú irun àgùntàn rán àwòrán sí ara aṣọ ọ̀gbọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ náà ní crewel. Òwú rẹ̀ jẹ́ fọ́nrán méjì tí a lọ́ pọ̀, ó nípọn díẹ̀, ó sì lágbára.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo irun àgùntàn? Òtútù ilẹ̀ wọn pọ̀, àgùntàn wọn sì ní irun gígùn bí òwú. Àgùntàn tiwa ní ẹ̀bá òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Irun tirẹ̀ kúrú bí irun ewúrẹ́, kò ṣeé ran. Ṣùgbọ́n bí a bá gòkè lọ sí ilẹ̀ Mali, ní agbègbè Macina, a óò rí àgùntàn tí irun rẹ̀ ṣeé ran. Àwọn ahunṣọ Fúlàní ibẹ̀ ń fi irun náà hun aṣọ ìbora tí ó nípọn, tí wọ́n ń pè ní khasa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Òyìnbó nìkan ni ó mọ irun àgùntàn lò. Ohun tí ó bá wà ní ilẹ̀ ẹni ni ọwọ́ ẹni ń kọ́ láti ṣe.

Iṣẹ́ irun àgùntàn tí ó lókìkí jù lọ ní Yúróòpù ni ti Bayeux, ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé. Ó ti lé ní 900 ọdún tí wọ́n ti rán an. Gígùn rẹ̀ tó mítà 70, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó ìdajì mítà. Lára rẹ̀ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ìtàn ogun ọdún 1066 sí, nígbà tí Guillaume, olórí Normandie, kọjá òkun lọ gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, ẹṣin wà níbẹ̀, ọba tí ó kú lójú ogun wà níbẹ̀. Ní ìgbà náà, ìba ènìyàn díẹ̀ ni ó mọ̀wé. Ẹni tí kò lè ka ìwé lè wo aṣọ, kí ó sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rán ọ̀rọ̀ sí òkè àwọn àwòrán náà. Ìdí ni pé àwòrán lè fi ọba hàn wá, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, láàárín ọdún 1600 sí 1700, iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olówó máa ń ta aṣọ yí ibùsùn wọn ká kí atẹ́gùn tútù má bàa wọlé. Àwọn obìnrin rán igi ńlá, ewé gbàràgàdà àti ẹyẹ sí ara aṣọ wọ̀nyí. Gbogbo àwòrán náà kọ́ ni wọ́n dá rò. Ní ọdún 1600 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣòwò kan sílẹ̀ ní London tí ó ń bá Íńdíà ṣe òwò. Ọkọ̀ wọn kó aṣọ aláràbarà wá láti Íńdíà, àwọn obìnrin sì wo igi àti òdòdó ara aṣọ náà ṣe tiwọn. Ní Kashmir, ní òkè Íńdíà, wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí títí di òní. Ìkọ́ kékeré ni wọ́n fi ń fa òwú jáde, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Aṣọ ìrọ̀rí wọn sì ń lọ sí ọjà káàkiri ayé.

Nígbà tí ọmọbìnrin fi abẹ́rẹ́ kọ́ ABD

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó kan kíláàsì wa gan-an. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin máa ń fi abẹ́rẹ́ rán gbogbo lẹ́tà láti A dé Z sí ara aṣọ kékeré kan. Wọ́n á rán nọ́ńbà láti 1 lọ. Nígbà mìíràn, wọ́n á rán orúkọ wọn àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Òwú pupa ni àwọn ará Faransé fẹ́ràn láti lò.

Kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Nínú ilé ńlá, aṣọ ibùsùn pọ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ ti ẹni? Lẹ́tà méjì tí a rán sí igun aṣọ ni yóò sọ ọ́. Lẹ́tà di ẹ̀rí pé tèmi ni tèmi. Ẹni tí ó mọ lẹ́tà rẹ̀, aṣọ rẹ̀ kì í sọnù.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe rìn ní ilẹ̀ tiwa

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé àwọn baba wa mọ abẹ́rẹ́ kí Òyìnbó tó dá ilé ìwé sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Haúsá, àwọn ọkùnrin ni ó ń rán iṣẹ́ sí ọrùn àti àyà agbádá. Ọnà kan wà tí Haúsá ń pè ní aska takwas, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí ó ní ṣóńṣó bí ojú ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń rán an jẹ́ ààfáà. Iṣẹ́ náà tàn dé Ìlọrin àti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Òwú sẹ́dà pupa tí wọ́n ń lò gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá lórí ràkúnmí. Òwú náà ni àwọn ahunṣọ wa fi hun àlàárì.

Ní Abomey, àwọn aránṣọ ọba Dànhòmẹ̀ ń gé aṣọ ní àwòrán kìnnìún, ẹja àti ẹyẹ, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ńlá, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kìnnìún dúró fún ọba Glèlè, ẹja àkúrákudà dúró fún ọba Béhanzin. Ọkùnrin ni àwọn náà. Ìdílé Yémadjè lókìkí nínú iṣẹ́ yìí títí di ìsinsìnyí.

Ní Àjàṣẹ́, ọ̀nà méjì mìíràn tún wà. Èkíní ni ti àwọn Àgùdà. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí a ti dá sílẹ̀ dìde ogun ní Salvador, ní Bahia. Mùsùlùmí ni wọ́n, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó sì ni wọ́n lára. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti ra ara wọn padà fi ń wọ ọkọ̀ bọ̀ wá sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Wọn kò padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà wá, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ télọ̀ àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ obìnrin. Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Ńlá ti Àjàṣẹ́, bí ó ṣe jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ìmọ̀ ọwọ́ wọn ni ó hàn níbẹ̀. Ìyà ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi í jẹun gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí.

Èkejì ni ti àwọn ìyá ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí a ń pè ní ma sœur. Ní ọdún 1864 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì láti Lyon ṣí iṣẹ́ wọn ní Àjàṣẹ́, àwọn ma sœur sì tẹ̀lé wọn. Ẹgbẹ́ kan nínú wọn ni Notre-Dame des Apôtres, tí Père Planque dá sílẹ̀ ní Lyon ní ọdún 1876. Bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin ní ìwé àti àdúrà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wọn ní ìránṣọ. Ọmọ tí ó kọ́ ọ ní ilé ìwé lọ kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ilé. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe dé ọwọ́ àwọn tí kò tẹ ilé ìwé rí. Àwọn wọ̀nyí gba abẹ́rẹ́, wọ́n gba òwú, ṣùgbọ́n wọn kò gba lẹ́tà.

Àwọn obìnrin abúlé Deerfield

Ẹ jẹ́ kí a rìn dé Amẹ́ríkà díẹ̀. Abúlé kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Deerfield. Nígbà àtijọ́, àwọn ìyá ibẹ̀ máa ń fi òwú irun àgùntàn aláwọ̀ ẹ̀lú rán òdòdó sí aṣọ ibùsùn. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Aṣọ àtijọ́ ń gbó, kòkòrò ń jẹ ẹ́.

Ní ọdún 1896, obìnrin méjì, Margaret Whiting àti Ellen Miller, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ara aṣọ àtijọ́ sí ìwé kí ó má bàa parun. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin abúlé ní iṣẹ́ náà. Wọ́n lo òwú ọ̀gbọ̀ dípò irun àgùntàn, wọ́n sì pa á láró pẹ̀lú ẹ̀lú, bí àwọn aláró wa ti ń ṣe. Wọ́n ń rán lẹ́tà D kan sí ara iṣẹ́ tí ó bá dára, kí olùrà lè mọ̀ pé ti Deerfield ni. Ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún.

Kí ni a rí kọ́? Wọ́n kọ ọ̀nà iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ sí i. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ, ó bá a lọ nìyẹn.

Bí a ṣe ń rán an

Ẹ jẹ́ kí àwa náà kọ tiwa sílẹ̀. Ìrọ̀rí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 40, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Òwú lásán ni a óò lò, kì í ṣe irun àgùntàn. Ooru ilẹ̀ wa pọ̀, a sì ní láti máa fọ aṣọ ìrọ̀rí lemọ́lemọ́.

1. Ẹ ra aṣọ funfun mítà kan àbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ó sún kì kí ẹ tó gé e.

2. Ẹ gé ojú rẹ̀ ní 64 sí 44. Ẹ gé ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 sí 44.

3. Ẹ fi pẹ́ńsù ya òdòdó sí ojú aṣọ náà, fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ó jìnnà sí etí aṣọ.

4. Ẹ gé òwú tí ó gùn láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Èyí tí ó bá gùn jù yóò ta kókó. Òwú DMC tí wọ́n ń tà ní ọjà jẹ́ fọ́nrán 6 pọ̀. Ẹ yọ 3 lò.

5. Fún igi òdòdó, ẹ lọ síwájú díẹ̀ lábẹ́ aṣọ, kí abẹ́rẹ́ padà jáde ní ìdajì ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ rán ṣáájú. Yóò dà bí okùn tí a lọ́. Fún etí ewé, ẹ rán an bí ẹ̀wọ̀n, kí ihò kan wọnú èkejì. Fún inú ewé, ẹ to òwú sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí yóò fi kún.

6. Fún ojú òdòdó, ẹ ta kókó. Ẹ fa abẹ́rẹ́ jáde, ẹ yí òwú ká a lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti jáde, ẹ sì fà á díẹ̀díẹ̀. Kókó kékeré yóò kù lókè.

7. Ẹ ṣẹ́ etí kan nínú aṣọ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ tẹ́ ojú aṣọ sílẹ̀, kí iṣẹ́ wà lókè. Ẹ tẹ́ ẹ̀yìn méjèèjì lé e kí wọ́n gun ara wọn ní àárín ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ẹ rán etí rẹ̀ yípo, sẹ̀ǹtímítà 2 sínú. Ẹ yí i padà síta. Ẹnu tí ó wà lẹ́yìn ni ìrọ̀rí yóò gbà wọlé. Kò nílò bọ́tìnì.

Ilé iṣẹ́ DMC ti wà ní Mulhouse, ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1746. Nọ́ńbà wà lára ìwé tí ó wé mọ́ òwú rẹ̀. Pupa kan wà tí ó jẹ́ 321, dúdú jẹ́ 310. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Bí òwú bá tán láàárín iṣẹ́, nọ́ńbà ni yóò jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀ gan-an rà. Ojú nìkan a máa tan ni jẹ.

Aṣọ tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Houinmè. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1972, ìjọba tẹnu mọ́ kíkọ́ àwọn àgbà ní ìwé ní èdè ilẹ̀ wa. Nígbà tí kíláàsì Yorùbá bẹ̀rẹ̀ nítòsí wa, Ìyá Alábẹ́rẹ́ lọ. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní: “Ọwọ́ tí ó lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ṣé chalk ni yóò wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́tà N, ó dé ilé, ó tan fìtílà, ó sì fa aṣọ ìrọ̀rí àná yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí. Ó fi ìka tẹ̀lé e. B. O. N. Ó dúró. N kejì ni ó gba òdì, igi àárín rẹ̀ dagun láti apá òsì nísàlẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún lókè. Oníbàárà náà kò purọ́. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní: “Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí mo fi ń bú u nínú ọkàn mi.”

Nígbà náà, èmi ti wọ ilé ìwé. Ó bi mí ní ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Mo ní, “Ìyá, Faransé ni. Ó dàárọ̀ ni ó ń sọ.” Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: “Gbogbo ìyàwó tí mo rán ìrọ̀rí fún, èmi ni mo ń kí wọn ní ó dàárọ̀, n kò sì mọ̀.”

Aṣọ tí ó rán tẹ̀lé e, èdè wa ni ó fi sí i: Ó DÀÁRỌ̀. Ó fi ìrán kúkúrú ṣe àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Fún ẹ̀là tí ó wà lábẹ́ Ọ, ó ta kókó kan. Ó fi hàn wá, ó ní ẹ kà á. A kà á. Kò sí lẹ́tà kan tí ó kọ ẹ̀yìn.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín sí i. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe dí wọn lọ́wọ́ láti wá sí kíláàsì. Ó dàárọ̀ o.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ló dé tí a kò fi ń fi irun àgùntàn tiwa ṣe òwú?
2. Iṣẹ́ wo ni àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Bràsíìlì?
3. Bí aṣọ ẹ̀yìn méjì bá jẹ́ 40 sí 44, tí ojú sì jẹ́ 64 sí 44, sẹ̀ǹtímítà mélòó ni a óò lò ní gígùn bí a bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn?
4. Ẹ kọ lẹ́tà méjì tí ẹ óò rán sí igun aṣọ tiyín.